Ẹ̀yìn Etí Àṣàkẹ́

Orí ni Àṣàkẹ́ fi dúró nígbà tí Ambrose kọ́kọ́ rí i.

Kì í ṣe pé ó ń ṣeré o. Inú kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wọn ní Yábàá ni. Ẹni tó bá da aṣọ dúdú borí, tó sì wo dígí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn, ohun gbogbo ló máa rí ní ìdoríkodò: àga á wà lókè, orí èèyàn á wà nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni Ambrose ti ń wo àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ìyàwó tuntun, ọ̀gá ọlọ́pàá, ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó mú un gbàgbé láti mí rí.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, ọmọbìnrin kan jókòó síwájú aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Búláòsì rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ojú rẹ̀ dúdú, ó mọ́, ó ń dán bíi kóró iṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára èso. Iná méjèèjì tí Ambrose tàn sí i kò rí ibi dúró sí lójú yẹn. Wọ́n ń yọ̀ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yọ̀ níwájú orí rẹ̀, bí omi tó ń wá ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti sùn lọ lábẹ́ aṣọ yẹn ni?"

Ambrose yọ orí jáde. "Mò ń wá ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ ni."

"Pásípọ́ọ̀tù ni mo ní kẹ́ ẹ yà o. Iwájú náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Jethro, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà, bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ambrose ya pásípọ́ọ̀tù náà. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí o kò sọ," ó ní. "Gbogbo oníbàárà wa ló máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ́lẹ̀ díẹ̀ o.'"

Ọmọbìnrin náà wo òkè, ó wo iná méjèèjì. "Kí ló dé? Ṣé iná yín ò tó ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ambrose ní òun fẹ́ ya ńlá kan kún un. Ọmọbìnrin náà ní òun ò bẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Ambrose ní ẹ̀bùn ni.

"Ẹ̀bùn onífọ́tò kì í ṣàìnídìí."

"Ìdí rẹ̀ ni pé o máa ní láti padà wá gbà á."

Ó wò ó bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, bóyá ó máa pẹ́. Ó wá gbé àgbọ̀n sókè. "Ó dáa. Ẹ yà á kí n máa lọ. Àṣàkẹ́ lorúkọ mi."

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, torí òun ló fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lára fíìmù, ohun gbogbo ló máa ń yí padà: dúdú á di funfun, funfun á di dúdú. Bí wọ́n bá fi pẹ́ńsù ṣóńṣó kun ojú èèyàn lára fíìmù náà, ibi tí pẹ́ńsù bá kọjá á mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Onífọ́tò tó mọṣẹ́ lè sọ aláwọ̀ dúdú di pupa láàárín wákàtí kan. Títún ojú ṣe ni wọ́n ń pè é. Kò sí fọ́tò tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìkọ́kọ́ tún un ṣe. Kí Ambrose tó sọ̀rọ̀, Jethro ti fi pẹ́ńsù kọjá lórí pásípọ́ọ̀tù Àṣàkẹ́ pẹ̀lú. Àmọ́ Ambrose gba fíìmù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kan èyí."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀."

Ó fi sínú agolo bísíkíìtì, ó dé e. Kò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nígbà tí Àṣàkẹ́ padà wá, ó ní kò tíì gbẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, kò tíì gbẹ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà, tí Ambrose sì ń lọ kí i ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń bi í ní géètì ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò mi ńkọ́?"

"Kò tíì gbẹ."

"Omi òkun lẹ fi fọ̀ ọ́ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ra gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n á sì rìn lọ sọ́nà Ìpọ̀nrí títí àkókò á fi tó kí ó padà sílé ìwé. Dúdú mi, Ambrose á pè é. Adúmáadán mi. Ó sì mú un lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí onífọ́tò tó ń ya gbogbo Yábàá kò fi rántí láti tún ya ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé àkókò pọ̀.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ń mú. Àṣàkẹ́ ń ṣẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò ní fún mi ní fọ́tò náà títí màá fi hewú," ó sọ. Ló bá fọwọ́ bo ẹnu.

Ambrose dúró. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọbìnrin náà fi ń pè é ní ẹ. "Kí lo pè mí?"

"Ẹ má bínú. Ó já bọ́ ni."

"Jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Má mú un padà."

Kò mú un padà. Láti ọjọ́ náà, o ni, ìwọ ni, Ambrose sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n fún ní oyè.

Ìyá Àṣàkẹ́ ń gbé ní Muṣin. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìkòkò aró mẹ́jọ ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì dúdú bí ẹlú títí dé ìgúnpá. Nígbà tí Ambrose dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, obìnrin náà fò sẹ́yìn.

"Dìde, dìde, ọmọ mi! Má sún mọ́ mi, aró á bà ọ́ láṣọ jẹ́. Ìwọ ni onífọ́tò tí fọ́tò rẹ̀ kì í gbẹ?"

"Èmi ni, mà."

Ó mú un lọ síbi okùn tí aṣọ wà. Èyí àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀run àárọ̀. "Èyí wọ aró lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n á rà á, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sóko." Ó fọwọ́ kan èyí tó wà níkangun, tó dúdú títí tó fi ń dán. "Èyí wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Èyí ni wọ́n ń tọ́jú sísàlẹ̀ àpótí dé ọjọ́ pàtàkì." Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. "Lẹ́ẹ̀méje ni Olúwa ri ìyẹn. Má jẹ́ kó ṣá mọ́ ọ lọ́wọ́ o."

"Kò ní ṣá, mà," ni Ambrose wí. Ó sì dá a lójú.

Èbúté Mẹ́ta ni Ambrose ti wá ní tirẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè ni baba rẹ̀ kó tó kú. Ethel ni ìyá rẹ̀, obìnrin pupa fòò tó ń fi agboòrùn rìn ní gbogbo ìgbà, òjò ì báà má rọ̀. Ìyá yìí ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì sí ohun tí Ambrose ń ṣe láìfi tó o létí.

"Ọmọ ta ni?" ni Màmá Ethel béèrè.

"Ọmọ aláró ni, mà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo?"

"Onítẹ̀bọmi."

"Kò burú. Kristẹni náà ni wọ́n. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì."

"Ó dáa náà." Ìyá rẹ̀ gbé ife tíì kalẹ̀. "Àwọ̀ ńkọ́?"

Ambrose ń fi ṣíbí ro tíì tirẹ̀.

"Mo ní àwọ̀ ńkọ́, Ambrose? Nítorí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń béèrè o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ dúdú kirikiri wá fún mi, tí wọ́n á máa tì sẹ́yìn níbi gbogbo."

Bí ọmọkùnrin náà bá ti sọ òtítọ́ níbi tó jókòó sí, bóyá ariwo ọ̀sẹ̀ méjì péré ló máa já sí. Ṣùgbọ́n Ambrose kì í fẹ́ ariwo. Wọ́n sì ti gbà á sí ilé ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ fọ́tò aláwọ̀ fún oṣù mẹ́jọ, oṣù Kẹta ló sì máa lọ. Kò fẹ́ fi ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ ó rí fọ́tò rẹ̀, mà," ló wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ṣí agolo bísíkíìtì náà. Ó gbé fíìmù síwájú iná. Ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù títí ó fi mú bí abẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn, ó ń gòkè bọ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú ìfẹ́ pàápàá. Oore ló rò pé òun ń ṣe. Ó ń ronú pé bí Màmá bá ti gbà, àwọn á jọ fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ iwájú.

Inú Màmá Ethel dùn. "Háà! Pupa tó tutù! Mú un wá nígbà tó o bá dé."

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ó dàbọ̀, Ambrose sọ fún Àṣàkẹ́ pé ìyá òun ti gbà.

"Láìrí mi?"

"Ó rí fọ́tò rẹ."

"Ọjọ́ wo ló gbẹ?" Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ambrose kò lè rẹ́rìn-ín.

"Má tíì lọ sí Èbúté Mẹ́ta o," ó wí. "Dúró dè mí. Ká jọ lọ."

Ó lọ. Lóṣù Kẹrin, àárò rẹ̀ sọ Àṣàkẹ́, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù náà láti lọ béèrè fọ́tò rẹ̀. Jethro ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ọ̀kan jáde. Àṣàkẹ́ gbà á, ó sì nà án padà.

"Bùọ̀dá Jethro, ti ẹlòmíràn lẹ fún mi."

"Ìwọ náà ni. Wo búláòsì rẹ."

Ó tún wò ó. Búláòsì rẹ̀ ni. Ìrun tí òun fọwọ́ ara òun dì ni. Ṣùgbọ́n ojú náà funfun bíi ti ọmọ tí wọ́n ń tọ́ sínú yàrá, kò sí iná kankan tó ń yọ̀ níbẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

Jethro kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò kàn mọ ohun tó yẹ kó gbé mì ni. "Ambrose fúnra rẹ̀ ni. Ó tún un ṣe fún Màmá rẹ̀ ni, o mọ̀ pé ìyá yẹn kì í fẹ́ dúdú. Inú Màmá dùn sí i o! Ó ti gbé e kọ́ sí pálọ̀."

Àṣàkẹ́ dúpẹ́, ó sì jáde. Kò sunkún lójú ọ̀nà. Ohun tó ń rò kò le, ó sì burú: ọmọbìnrin kan wà ní pálọ̀ Èbúté Mẹ́ta tí ìyá Ambrose ti gbà. Òun kọ́ ni ọmọbìnrin náà. Tí òun bá fẹ́ fẹ́ Ambrose, òun gbọ́dọ̀ di ọmọbìnrin náà kí Ambrose tó dé.

Kíkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan, ló mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìpọ̀nrí tó ń po ìpara sínú ike láìkọ nǹkan kan sára rẹ̀. "Oṣù mẹ́rin," ni Kíkẹ́ wí. "O ò ní dá ara rẹ mọ̀."

Ẹ má rò pé Àṣàkẹ́ kò mọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn awọ, ó ti rí àwọn obìnrin tí ojú wọn jó bí ẹ̀bà tó di mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ máa ń sọ pé, "Àwọ̀ ni wọ́n fẹ́ yí. Awọ ni wọ́n ń bó." Àṣàkẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú íńkì pupa, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó sì lọ fi ìpara pa ojú.

Ní oṣù Kẹjọ, lẹ́tà Ambrose dé. Ó kọ ọ́ pé ọ̀gbẹlẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà, oòrùn ń mú bíi ti ilé. "Àṣàkẹ́ mi, o ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn òyìnbó tẹ́ aṣọ sórí koríko, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń sá ara wọn bí ẹni ń sá èlùbọ́. Mo bi obìnrin tó ni ilé tí mò ń gbé léèrè, ó ní wọ́n fẹ́ kí ara àwọn dúdú díẹ̀ ni, pé ó ń buyì kún èèyàn. Obìnrin kan náà ni kò fẹ́ kí n lo ife tí òun ń lò. Níléèwé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò aláwọ̀, ojú òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò, nítorí náà ojú tiwa kàn ń jáde bí ẹrẹ̀ ni. Olùkọ́ mi ní kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Mo ní ó wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dá dúró síléèwé lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, títí mo fi rí i ṣe. Nígbà tí mo bá dé, màá yà ọ́ bó o ṣe rí gan-an, láìlo pẹ́ńsù."

Àṣàkẹ́ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó gbé dígí. Ó ti fi ìpara pa ojú fún oṣù mẹ́rin, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń padà. Nígbà tó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ wú, ó ń ta á, ó sì ń dúdú níbi tí kò yẹ kó dúdú. Ó tún mú ike náà.

Ní oṣù Kọkànlá, Ambrose sọ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú ní Ìkẹjà. Ó gbé kámẹ́rà tuntun kọ́rùn, ó ń wá Àṣàkẹ́ láàárín èrò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó kọjá lára ọmọbìnrin pupa kan tó dì mọ́ báàgì rẹ̀.

"Bùọ̀dá Ambrose. Ẹ káàbọ̀."

Ohùn yẹn ló mọ̀. Ó yí padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àbàwọ́n dúdú méjì wà lábẹ́ ojú rẹ̀ bí ibi tí èèyàn ti fọwọ́ aró kàn. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ìka rẹ̀ pupa.

"Àṣàkẹ́? Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Mo tún un ṣe."

Ariwo ọkọ̀ òfúrufú kan kọjá lókè. Nígbà tó lọ tán, ohùn Ambrose kò ju ti ọmọdé lọ. "Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn," ni Àṣàkẹ́ wí. "Kí ló bàjẹ́ lójú mi tí ẹ fi tún un ṣe?"

Ẹ. Ó ti mú un padà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí Èbúté Mẹ́ta, torí Àṣàkẹ́ ní òun ò jìyà lásán, kí ìyá náà rí òun. Fọ́tò wà lórí ògiri. Màmá Ethel wo fọ́tò, ó wo ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀. Ó dìde. Ṣé ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ mọ àwọ̀ tí ọmọ tuntun máa ní? Wọ́n kì í wo ojú rẹ̀, etí ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Ethel ṣe. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka méjì yí etí Àṣàkẹ́ síwájú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìpara kò dé.

Ibẹ̀ dúdú, ó mọ́, ó ń dán.

Ìyá àgbà náà kò tíì jọ̀wọ́ etí náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Mo ní àbúrò kan, Mobọ́lá. Báyìí náà ló ṣe dúdú. Níléèwé míṣọ̀n, ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó wá, wọ́n fi èmi síwájú láti fún un ní òdòdó. Wọ́n ti Mobọ́lá sẹ́yìn ọwọ̀n. Òun ló mọ orin jù wá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́." Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ambrose, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni, Màmá. Mo bẹ̀rù ẹnu yín."

"Ẹnu lásán!" Ohùn rẹ̀ já. "Ẹnu ni ǹ bá fi ṣe é, ọmọ yìí! Ǹ bá pariwo, ǹ bá bínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ǹ bá sì gbà. Ta ló pa á láṣẹ fún un pé kó bó ara rẹ̀ nítorí mi?"

Àṣàkẹ́ dìde, ó kí wọn, ó sì lọ nìkan.

Ambrose sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ fíìmù náà nínú agolo. Ó rò pé bí òun bá lè fọ pẹ́ńsù kúrò, òun á tẹ ojú àkọ́kọ́ yẹn sórí ìwé, òun á gbé e lọ bẹ̀ ẹ́. Ó fi òwú bọ sípíríìtì, ó ń nu ún jẹ́jẹ́. Pẹ́ńsù náà kò kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i. Lójijì, ojú fíìmù ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ojú Àṣàkẹ́ sì bá òwú lọ.

Ó jókòó síbẹ̀. Kò sí fọ́tò rẹ̀ mìíràn tí pẹ́ńsù kò kàn níbì kankan láyé.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí Muṣin. Ìyá Aláró ń ro aró, kò gbójú sókè. "Onífọ́tò. Ta ló fọ aró mi?"

Ambrose dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ aró pẹ̀lú aṣọ Lọ́ńdọ̀nù rẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ ní kí n má jẹ́ kó ṣá mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́."

Obìnrin náà ro aró fún ìgbà pípẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sínú ìkòkò. "Aṣọ tó bá ṣá, mo lè tún un rì. Èèyàn kì í ṣe aṣọ, ọmọ mi."

Àṣàkẹ́ ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn láti ìgbà tí Ambrose dé. Gèlè dúdú ni ó fi bo orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ dìde nílẹ̀," ó wí. "Fíìmù mi dà?"

Ambrose dìde sórí orúnkún, ó nà án sí i. Àṣàkẹ́ gbé e síwájú oòrùn. Búláòsì wà níbẹ̀, ọrùn wà níbẹ̀. Níbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà, oòrùn ló ń gba ibẹ̀ kọjá tààrà.

"Ó wá gbẹ wàyí," ló wí.

Ló bá bú jáde, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Nígbà tó tán, Ambrose ṣì wà lórí orúnkún. "Mi ò ní ohun tí mo máa fi tún un ṣe, Àṣàkẹ́. Mi ò sì fẹ́ tún nǹkan kan ṣe mọ́ láyé mi. Bó o ṣe wà yìí, bó o bá ṣe wà lọ́la, tí o bá lè gbà mí, fẹ́ mi. Tí o kò bá lè gbà, màá gbà á bẹ́ẹ̀."

Àṣàkẹ́ wo fíìmù náà títí. "Ẹ̀yin lẹ mú pẹ́ńsù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi mú ike. Mo sì mọ ohun tó ń ṣe sí awọ. Ẹ má dá a rù." Ó ká fíìmù náà, ó fi sínú búláòsì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ìpara yẹn nù ná. Ẹ jẹ́ kí ojú mi ṣe bó ṣe fẹ́. Tí ẹ bá ṣì lè wò mí lóṣù Kejì, ẹ wá."

Ó wá. Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ló ń wá sí géètì Ìdí-Àràbà. Ojú náà wú, ó bó, ó sì dúdú padà láìdọ́gba. Àbàwọ́n méjì abẹ́ ojú kò lọ. Dókítà ní wọ́n lè má lọ mọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 1977, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Yábàá. Ìyá Aláró gbé aṣọ tó wọ aró lẹ́ẹ̀méje fún ọmọ rẹ̀. Màmá Ethel wá pẹ̀lú agboòrùn, ó sì fi bo orí ìyàwó látẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀bù, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dì í mú. Ó ti sọ fọ́tò tó wà ní pálọ̀ kalẹ̀. Ibi tó wà lára ògiri ṣì ṣófo.

Jethro ló fẹ́ yà wọ́n, nínú kámẹ́rà ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí iṣẹ́ ṣe mọ́ ọn lára, kó tó ronú, ó ti béèrè pé, "Ìyàwó, ká jẹ́ kó mọ́lẹ̀ díẹ̀?"

"Bùọ̀dá Jethro, ṣé iná yín ò tó ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ambrose nìkan ni kò rín. Ìyàwó rẹ̀ wé gèlè rẹ̀ lọ́nà tí àwọn ìyàwó kì í gbà wé e. Ó fà á sẹ́yìn pátápátá, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Láti ibi tí Ambrose dúró sí lẹ́yìn àga, ó rí ẹ̀yìn etí òsì rẹ̀. Kò tóbi ju èékánná lọ. Iná méjèèjì dé ibẹ̀, wọn kò rí ibi dúró sí, wọ́n ń yọ̀.

"Ibo lò ń wò?" Àṣàkẹ́ rọra béèrè láìyí orí padà. "Iwájú ni kámẹ́rà wà."

"O" ló pè é. Ó ti pẹ́ tí Ambrose ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó tẹ orí sún mọ́ ọn. "Ẹ̀yìn etí rẹ."

Àṣàkẹ́ tẹ orí sí apá kan, kí ó lè rí i dáadáa.

"Wò ó," ó wí. "Ibẹ̀ nìkan ló kù."

Lábẹ́ aṣọ dúdú, Jethro rí àwọn méjèèjì ní ìdoríkodò, ó sì ní kí wọ́n má mira.